Bí Ìlú Ọba Ṣe Ń Mọ́ Ọmọ Ìlọrin Tó Lọ Ka Másítà Lára

Ọdún kan péré ni ọ̀pọ̀ másítà ń gbà ní Ìlú Ọba, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ní 1955, Sverre Lysgaard, onímọ̀ ará Nọ́wè, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ará ìlú rẹ̀ tó lọ sí Amẹ́ríkà lọ kàwé. Ara tu àwọn tí kò tíì lo oṣù 6 níbẹ̀, ó sì tu àwọn tó ti kọjá oṣù 18. Àwọn tó wà láàárín ni nǹkan ò rọgbọ fún. Kì í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn o. Ìwádìí tó tẹ̀lé e fi hàn pé àtọjọ́ tí ẹlòmíì ti gúnlẹ̀ ni ara ti ń ni ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé ní oṣù Kẹsàn-án, oṣù Kẹta ló máa pé oṣù 6, nígbà tí próójẹ́ẹ̀tì ń kanlẹ̀kùn. Kí ìlú tó mọ́ ọn lára, másítà ti parí.

Ojúmọ́ pàápàá yàtọ̀. Ní Ìlọrin, oòrùn kì í wọ̀ kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù. Lọ́hùn-ún, ní oṣù Kejìlá, nǹkan bí aago mẹ́rin ni ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹni tó ń kírun á rí i pé Àílà, Àlàásárì àti Màgàríbì ń lé ara wọn láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, kíláàsì sì tún há sáàárín wọn.

Ìyẹn ṣì rọrùn. Ẹ̀kọ́ ilé ló ń fa wàhálà jù. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Pákátà tàbí Ọ̀fà mọ̀ pé a kì í bá àgbà jiyàn. Bí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀, á dákẹ́, á sì wolẹ̀. Lọ́hùn-ún, orúkọ àbísọ ni wọ́n sábà máa ń pe ọ̀jọ̀gbọ́n, olùkọ́ sì ń retí kí akẹ́kọ̀ọ́ tako ohun tó kà. Ẹni tó dákẹ́ torí ọ̀wọ̀, wọ́n lè rò pé kò kàwé wá ni. Tó bá wá kan próójẹ́ẹ̀tì, ojú á máa tì í láti kọ̀wé sí olùkọ́ tó ń bójú tó o pé iṣẹ́ ò yé òun. Olùkọ́ ní tirẹ̀ ń dúró kó béèrè. Báyìí ni oṣù kan odindi ṣe ń lọ.

Láti oṣù Kìn-ín-ní 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ másítà ò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́, nítorí náà kò sí ẹni tí wọn yóò fi ọ̀rọ̀ lọ̀ nílé. Àmọ́ ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ ló ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń la bí wọ́n ṣe ń kọ iṣẹ́ yé akẹ́kọ̀ọ́, láìgba kọ́bọ̀. Oṣù Kẹwàá ló yẹ kí wọ́n ti lọ bá wọn, nígbà tí iṣẹ́ ò tíì wọ̀ wọ́n lọ́rùn.