Mílíọ̀nù 1.6 Yúrò tí Àrólé Ọba Kọ̀: Owó Wo Gan-an Ni?

Nígbà tó ku oṣù mẹ́fà kí Catharina-Amalia, àkọ́bí ọba ilẹ̀ Nẹ́dálándì, pé ọmọ ọdún 18, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí olórí ìjọba ìgbà náà, Mark Rutte. Oṣù Kẹfà ọdún 2021 nìyẹn. Òfin ti ya nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.6 yúrò sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún láti ọjọ́ ìbí náà lọ, ṣùgbọ́n ó ní ara òun kò gbà á láti máa gba irú owó bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun kò tíì ṣe iṣẹ́ kan tó tó o, tí nǹkan sì le fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù, pàápàá lásìkò Kòrónà. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń gbé ìròyìn yẹn kiri. Àwọn kan ní ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Àwọn mìíràn ní ojú ayé lásán ni, ṣé ebi ń pa bàbá rẹ̀ ni? Ìṣirò owó ìjọba ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun, nítorí náà ìwà ọmọ náà kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Tọ̀tún tòsì ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àpò kan ṣoṣo ni owó ọ̀hún ti ń wá. Àpò méjì ni, ẹ̀kẹta sì wà tí kò sí nínú mílíọ̀nù 1.6 yẹn rárá.

Àpò àkọ́kọ́ ni owó tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tó nǹkan bíi 300,000 yúrò lọ́dún ní 2021. Bí owó oṣù igbákejì ààrẹ Raad van State bá ṣe ń gòkè ni tirẹ̀ náà ń gòkè. Ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí òfin ni Raad van State. Ọba ni ààrẹ rẹ̀ lórúkọ, igbákejì ló ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀. Àpò kejì, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.3 nígbà náà, owó iṣẹ́ ni: owó àwọn tí yóò máa bá a ṣiṣẹ́ àti ìnáwó tí ipò rẹ̀ bá mú wá. Ẹ wò ó bí ọ̀gá iléeṣẹ́ kan tó ń gba owó oṣù, tí wọ́n tún ń san owó dírẹ́bà àti owó epo mọ́tò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìṣirò tí yóò pa owó epo pọ̀ mọ́ owó oṣù, kó wá ní ọkùnrin náà ti di olówó.

Ohun tó ṣèlérí lórí àpò méjèèjì kò rí bákan náà. Ó ní òun yóò dá owó tirẹ̀ padà fún ìjọba ní gbogbo ìgbà tí òun bá ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ti owó iṣẹ́, ó ní òun kò ní í lò ó títí ipò òun yóò fi mú ìnáwó ńlá wá. Àwọn kan bi mí pé kí ló dé tó fi ń dá a padà, ṣé kò lè sọ pé òun kò fẹ́ ni? Òfin ló ní kí ìjọba san án, lẹ́tà kan kò sì lè yí òfin padà. Nǹkan mìíràn tí àwọn oníròyìn kì í sábà fi kún un ni pé abala 40 nínú ìwé òfin ilẹ̀ náà ní kí wọ́n má ṣe gba owó orí lórí rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi 300,000 yẹn wé owó oṣù ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ yọ owó orí kúrò nínú ti ẹni tí ẹ fẹ́ fi wé e.

Lóòótọ́ ni nǹkan le fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Láti 2015 ni ìjọba ibẹ̀ ti fagi lé owó ìrànwọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbà, wọ́n ní kí wọ́n máa yá owó. Oṣù Kẹsàn-án 2023 ni owó ìrànwọ́ náà tó padà. Amalia wọ Yunifásítì Amsterdam ní oṣù Kẹsàn-án 2022. Àwọn tó jókòó tì í ní kíláàsì ọdún kìíní, gbèsè ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ láti kàwé.

Yunifásítì Leiden ni ìdílé Amalia ti máa ń lọ: Juliana, ìyá ìyá bàbá rẹ̀; Beatrix, ìyá bàbá rẹ̀, tó kọ́ òfin; àti bàbá rẹ̀ tó kọ́ ìtàn. Amalia lọ sí Amsterdam, ó kọ́ ìmọ̀ òṣèlú, sàìkọ́lọ́jì, òfin àti ọrọ̀ ajé pọ̀, ó sì parí rẹ̀ ní 2025. Mo fara mọ́ yíyàn yẹn, torí òfin ni iṣẹ́ tó ń dúró dè é dá lé. Ọba ibẹ̀ kì í dá ṣèjọba. Àwọn mínísítà ló ń dáhùn fún ohun tó bá fọwọ́ sí. Àrólé tó bá sì ti pé 18 ní àyè nínú Raad van State. Oṣù Kejìlá 2021 ló ti gba tirẹ̀, kó tó wọ yunifásítì rárá.

Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ọmọ tí a lè nawọ́ sí láti kékeré pé òun lọba lọ́la. Àwọn ìdílé tó ń jọba wà, àwọn afọbajẹ wà, Ifá náà wà. Aláàfin Abímbọ́lá Owóadé, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló ń ṣe ní Kánádà kí oyè tó kàn án ní 2025. Kò sí ìjọba tó lè ya owó sọ́tọ̀ fún àrólé tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Ti Amalia, láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti gorí ìtẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 2013 ni gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n.

Ibi tí lẹ́tà yẹn ti mẹ́hẹ lójú tèmi nìyí: ìgbà wo ni akẹ́kọ̀ọ́ ń parí ìwé? Bó ṣe gba oyè àkọ́kọ́ tán ní 2025, oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ló bẹ̀rẹ̀ òmíràn nínú òfin ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ó sì dara pọ̀ mọ́ Defensity College, ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi iṣẹ́ ológun kún ìwé rẹ̀. N kò rí ẹ̀bi kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn owó ìlú tí òpin rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbà á kò bá mi lára mu. Mo fẹ́ràn ti Dẹ́nmárkì ju èyí lọ: kí Ọmọ-ọba Christian, tó jẹ́ àrólé ibẹ̀ báyìí, tó pé 18 ní 2023 ni wọ́n ti kéde pé kò ní í gba owó ọdọọdún títí yóò fi pé 21. Ọjọ́ orí kò ṣeé sún síwájú.

Ó wá ku àpò kẹta, ààbò. Ilé tí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ jọ ń gbé ní Amsterdam ni Amalia kó sí ní 2022. Kò pẹ́ tó fi padà sí ààfin ní The Hague, torí àwọn ọ̀daràn ń halẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀, Máxima, sọ ọ́ ní gbangba ní oṣù Kẹwàá pé ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ lè jáde nílé. Lẹ́yìn náà ló lọ gbé ní Madrid fún ìgbà díẹ̀, tó ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ láti ibẹ̀. Oṣù Kẹrin 2024 ni aráàlú tó gbọ́. Owó ẹ̀ṣọ́ kò sí nínú mílíọ̀nù 1.6. Ìjọba kì í sì í kéde iye rẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá mọ iye owó lè fi mọ iye ẹ̀ṣọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀, wọ́n lè kó ti gbogbo àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ pọ̀, mínísítà àti ọmọ-ọba, kí wọ́n kéde àròpọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, láì dárúkọ ẹnì kan. Àwọn tó ń bínú sí Amalia lórí owó yìí ni n kò lóye. Ọmọ tí kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn kiri ìlú, kí ló jẹ nínú rẹ̀?

Ẹ̀yin tó ń béèrè pé kí ló dé tí wọn kò kúkú fagi lé owó àrólé: abala 40 yẹn náà ló ní kí òfin tó bá jẹ mọ́ owó wọn má ṣe wọlé àyàfi tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò bá gbè é nílé aṣòfin méjèèjì. Bí ẹgbẹ́ tó fẹ́ ẹ kò bá rí iye ìbò yẹn, ọjọ́ tí Amalia bá ní òun kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, owó àpò àkọ́kọ́ di tirẹ̀, kò nílò ìbò tuntun kankan.