Gbígba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ilé àti bíbọ́ọ̀nù ẹ̀ sórí dífídíì

Gbígba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ilé ni kéèyàn mú àwòrán àti ohùn tó ń bọ̀ láti àǹténà, dẹ̀kódà tàbí fídíò wọnú kọ̀ǹpútà, kó tọ́jú ẹ̀ sínú hádì dísìkì, kó gé ibi tí ò wúlò dànù, kó wá bọ́ọ̀nù ìyókù sórí sídíì tàbí dífídíì tí pléyà inú pálọ̀ lè kà. N'Ílọrin àti láwọn ìlú gúúsù Kwara bí Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo, ohun tó máa ń wu èèyàn láti tọ́jú báyìí ni tafsíírì oṣù Ramadan, Durbar Ìlọrin, orin dàdàkúàdà, ọdún ìlú, tàbí ìròyìn tí wọ́n ti fi ẹbí ẹni hàn.

Ohun èlò

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í sábà ní ihò tí wáyà àǹténà ń wọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki káàdì TV sínú ẹ̀ tàbí kí wọ́n so èyí tó ń lo USB mọ́ ọn. Ọdún 1996 ni ilé iṣẹ́ ATI gbé káàdì All-in-Wonder tiwọn jáde, Hauppauge náà ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní WinTV. Oríṣi méjì ló wà, ibí ló sì yẹ kéèyàn fara balẹ̀ wò dáadáa kó tó náwó. Àkọ́kọ́ kàn ń gbé àwòrán wọlé ní tútù ni, kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ló máa fún un kó kéré. Èkejì, bíi PVR-250 ti Hauppauge, ní ṣíìpù tiẹ̀ tó ti ń sọ àwòrán di MPEG-2, ìyẹn irú fídíò tí wọ́n ti fún kéré tí dífídíì ń lò, kó tó dé hádì dísìkì. Àwòrán tútù tó fẹ̀ tó 720 x 576, tó ń wọlé ní 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á máa gba bíi MB 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kí wákàtí kan tó pé ó ti ju GB 70 lọ. Kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ tí fáànù ẹ̀ ti ń pariwo ò lè bá ìyẹn sáré, á bẹ̀rẹ̀ sí í fo àwòrán, tó bá wá di ìparí ètò, aláfáà á ti pa ẹnu dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ káàdì oníṣíìpù ló dáa jù, kódà kó wọ́n díẹ̀.

PAL ni ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n tí Nàìjíríà ń lò, ìlà 625 àti àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sọ́fítíwíà tó bá jẹ́ NTSC ti Amẹ́ríkà ni wọ́n tò ó sí máa ń mú kí àwòrán máa yí tàbí kó di dúdú àti funfun, wọn á ní káàdì ti bàjẹ́, kò sì bàjẹ́.

Àǹténà ṣe pàtàkì ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ. Àwòrán tó bá ń ṣe wínníwínní, gbogbo wínníwínní yẹn ni kọ̀ǹpútà máa kà sí ohun tó ń rìn, á wá fi àyè tó yẹ kó fi tọ́jú ojú èèyàn ṣòfò sórí ẹ̀. Ẹni tó wà lọ́nà jíjìn sí ibi tí máàsì ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wà, kó kọ́kọ́ gbé pólù àǹténà ga ná kó tó máa wá káàdì olówó ńlá.

Ọ̀rọ̀ iná

Tí NEPA bá mú iná lọ láàárín ètò, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí fáìlì yàtọ̀ síra wọn. MPEG-2 ṣì máa ṣiṣẹ́ títí dé ibi tí iná ti lọ. AVI máa ń kọ atọ́ka ẹ̀ sí ìparí ni, torí náà á kọ̀ láti ṣí dáadáa, ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà bíi VirtualDub lè tún atọ́ka yẹn ṣe. MP4 ló burú jù, èyí tí wọn ò bá tíì tì pa kì í sábà ṣeé wò rárá. UPS kékeré tó lè gbé kọ̀ǹpútà títí wọ́n á fi tan jẹ́nẹ́rétọ̀ ti tó, àmọ́ kí wọ́n rántí pé dẹ̀kódà náà gbọ́dọ̀ wà lórí UPS yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òkùnkùn lásán ni kọ̀ǹpútà á máa gbà sílẹ̀. Jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré tó wà nítòsí àǹténà tún máa ń fa ìlà tó ń ta sára àwòrán, pàápàá lórí VHF, kí wọ́n gbé e jìnnà.

Bí ètò ṣe máa wọ dísìkì

GB 4.7 ni dífídíì lásán ń gbà, tó bá dé orí kọ̀ǹpútà á máa fi bíi 4.38 hàn torí pé ìṣirò tiẹ̀ yàtọ̀. Ètò wákàtí méjì máa wọ̀ ọ́ tí wọ́n bá fún un kó kéré dé nǹkan bíi Mbps 5 (mẹ́gábíìtì márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan), bó ṣe ń gùn sí i ni wọ́n á máa dín in kù. Ṣùgbọ́n gígùn nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Tafsíírì tí aláfáà ti jókòó sójú kan, tí nǹkan kan ò rìn lẹ́yìn ẹ̀ àfi ọwọ́ tó fi ń ṣí ìwé, wákàtí mẹ́rin ẹ̀ lè wà lórí dísìkì kan ní 352 x 576 àti bíi Mbps 2.3 kí ojú má sì rí àléébù kan gbòógì. Ẹ wá gbé eégún Ẹlẹ́wẹ̀ àwọn Ìgbómìnà síbẹ̀, tó ń fi aṣọ pòyì, tàbí ìjàkadì tó jẹ́ orò Ọ̀fà, níwọ̀n kan náà, gbogbo ẹ̀ á di búlọ́ọ̀kù búlọ́ọ̀kù. Irú ìyẹn fẹ́ Mbps 7 tàbí 8, wákàtí kan lé díẹ̀ ni dísìkì kan á sì gbà, kí wọ́n má janpata.

Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tún máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ ní ìlàjì méjì méjì, 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyẹn tí etí aṣọ eégún yẹn fi máa ń yọ eyín bíi ooyà lójú kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, dífídíì gbà á, eyín yẹn ò ní hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Tí sọ́fítíwíà bá gbé ìlàjì ẹ̀yìn ṣíwájú ni wàhálà dé, gbogbo ohun tó bá rìn á máa gbọ̀n.

Ẹni tí ò ní ẹ̀rọ dífídíì lè ṣe VCD sórí sídíì MB 700, MPEG-1, 352 x 288, bíi 80 ìṣẹ́jú, kò mọ́lẹ̀ tó dífídíì ṣá. Tó bá jẹ́ dífídíì, ohùn gbọ́dọ̀ jẹ́ 48 kHz, kí wọ́n bọ́ọ̀nù ẹ̀ ní ìyára kékeré bíi 4x tàbí 8x fún dísìkì olówó pọ́ọ́kú, kí wọ́n sì rí i pé wọ́n tì í parí (finalize), torí pléyà ò ní ka èyí tí wọn ò tì.

Ayé díjítà

Oṣù Kejìlá 2017 ni wọ́n ṣí ètò tẹlifíṣọ̀n díjítà n'Ílọrin, DVB-T2, ìlànà díjítà tó ń gba orí àǹténà wọlé, ni wọ́n fi ń gbé e. USB tó ń gba DVB-T2 kì í tún àwòrán fún, bó ṣe ń bọ̀ lófuurufú ló ń tọ́jú ẹ̀, tó bá jẹ́ ìkànnì tí wọn ò fi kọ́kọ́rọ́ tì ni. Ṣùgbọ́n pléyà dífídíì lásán ò mọ MPEG-4 tí ètò díjítà yẹn ń lò, wọ́n gbọ́dọ̀ yí i padà sí MPEG-2. Ihò HDMI ara dẹ̀kódà sábà máa ń ní ààbò HDCP tó ń dí gbígbà sílẹ̀ lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí wáyà mẹ́ta aláwọ̀ yẹ́lò, pupa àti funfun fi ṣì wúlò.

Ní ti òfin, ilé ẹjọ́ tó ga jù n'Ílẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ lọ́dún 1984, nínú ẹjọ́ Sony lórí Betamax, pé kéèyàn gba ètò sílẹ̀ nílé kó lè wò ó nígbà tó bá ráyè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ Nàìjíríà ti 2022 náà gba ìlò tó bójú mu fún ara ẹni láyè. Kéèyàn wá ṣe ẹ̀dà ẹ̀ tà ní Ọjà Ọba láìgbàṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn.

Láàpútọ́ọ̀pù tuntun ò fi bẹ́ẹ̀ ní ojú dísìkì mọ́, àmọ́ ẹ̀rọ dísìkì tó ń lo USB ṣì wà. Ẹni tó ní dífídíì àtijọ́ lè ṣí fódà VIDEO_TS, kó kó àwọn fáìlì VOB tí ìkọ̀ọ̀kan wọn kì í ju GB 1 lọ sórí fúláàṣì, sọ́fítíwíà VLC á ṣí wọn láìyí ohunkóhun padà.