Orí ló gbá, ọrùn ni kí ẹ dáàbò bò

Bí ọ̀kadà bá gbé ènìyàn ṣubú ní Lugbe l'Ábújá, kíá ni èrò á pé lé e lórí. "A kawo ruwa!" (ẹ gbé omi wá) ni àwọn Hausa á máa pariwo. Àwa Yorùbá á ní kí wọ́n gbé e jókòó kó lè rí atẹ́gùn. Ẹnìkan á ti dá kẹ̀kẹ́ Napep dúró. Àánú ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Orí àgbàlagbà tó nǹkan bíi kílò 5, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5 lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tó bá gbá kẹ́ẹ̀gì ti mi ọ̀pá, kódà bí ẹ̀jẹ̀ ò bá sí lọ́rùn. Ọ̀pá ọ̀hún sì ní ihò nínú: eegun 7 ló tò léra, okùn iṣan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara gba àárín wọn kọjá. Eegun lè ti sán kí okùn ṣì wà lódidi, kó wá jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ ṣàánú ló máa ba okùn jẹ́. Iṣan tó ń mú ká mí náà, ọrùn ló ti yọ, nítorí náà kì í ṣe apá àti ẹsẹ̀ nìkan ló wà nínú ewu. "Ṣebí ó ti dìde, ó ń rìn"? Ìyẹn ò fi hàn pé eegun ò sán.

Ọwọ́ méjì péré ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ẹnìkan á kúnlẹ̀ lókè orí ẹni tó ṣubú, á fi ìgúnpá ti itan ara rẹ̀ kí ọwọ́ má bàa gbọ̀n, á fi àtẹ́lẹwọ́ di ẹ̀gbẹ́ orí mú láìdí etí. Kò gbọ́dọ̀ fà á, kò gbọ́dọ̀ yí i. Ẹlòmíràn á dúró sí ọ̀kánkán ojú rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, torí ẹni tí a bá pè láti ẹ̀gbẹ́ á yíjú wò wá. Bí èébì bá gbé e, ẹni tó di orí mú ló máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Gbogbo wọn á yí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí imú àti ìdodo ṣì dojú kọ ibì kan náà. Ṣùgbọ́n bí kò bá mí, èémí ṣáájú ọrùn.

Ẹ pe 122 ti FRSC, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì. Àléébù ètò yìí ni pé ó gbára lé áńbúláǹsì, gó-sìló Àbújá sì wà níbẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti ń ro ẹni tó dì í mú, kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ gbá orí náà mú kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ ò bá sì dé rárá, ẹ wá bọ́ọ̀sì tàbí Hilux tí ẹni tó ṣubú lè na gbọọrọ sí lórí pákó, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tó máa ká a kò.