Báwo ni ojú-òpó ayélujára ṣe ń mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ wà ní kíláàsì?

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá wá sí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kíláàsì iṣẹ́ kan, ìyẹn kọ́ọ̀sì, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ aténdáǹsì, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn tó wá sí kíláàsì, fi gba àmójútó. Nínú gbọ̀ngàn ńlá, bí irú èyí tí àwọn iṣẹ́ GES, ìyẹn ẹ̀kọ́ gbogboogbò, máa ń kún ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìwé tí a gbé láti ìjókòó dé ìjókòó lè padà dé iwájú pẹ̀lú orúkọ tí ó ju iye orí tó wà níbẹ̀ lọ, torí pé ó rọrùn kí ẹnì kan bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ṣì ń sùn ní Agbowó kọ orúkọ.

Aténdáǹsì orí ayélujára ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ìwé yẹn. Olùkọ́ yóò wọ ojú-òpó náà, yóò yan iṣẹ́ tí ó fẹ́ kọ́, yóò sì tẹ̀ ẹ́ pé kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ojú-òpó náà ń gbé lórí rẹ̀, yóò ṣẹ̀dá àkójọ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lè fojú inú mọ̀, yóò sì gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí kóòdù QR, ìyẹn àwòrán onígun mẹ́rin tí fóònù lè kà. Ilé iṣẹ́ Denso ní ilẹ̀ Jàpáànì ni ó ṣe irú kóòdù yìí ní ọdún 1994 láti máa fi tọpa àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀. Kò sí awo kankan nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni a fi dúdú àti funfun kọ. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi kámẹ́rà fóònù rẹ̀ wò ó, tí ó sì fi nọ́ńbà mátíríìkì àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wọlé, sáfà yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, bóyá àkókò kóòdù náà kò tíì kọjá, àti bóyá kò tíì fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀. Aago sáfà ni a ń lò, kì í ṣe ti fóònù, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè yí aago fóònù padà.

Bí kóòdù náà bá dúró lójú kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, gbogbo ẹni tó wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì yóò sì di ẹni tó wá. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń mú kí ó yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ díẹ̀. Èyí ni mo gbà pé ó wúlò jù nínú gbogbo ọgbọ́n tí a ń dá, àmọ́ ó le fún ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń fà. Ojú-òpó lè fi kóòdù náà pamọ́ sínú fóònù títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi dé. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gba ohun tó pẹ́ dé wọlé, a ti ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ fún fọ́tò WhatsApp yẹn náà.

Àwọn mìíràn a máa béèrè ibi tí fóònù wà. Fóònù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, àmì sátẹ́láìtì tí fóònù fi ń mọ ibi tó wà a sì máa dín kù lábẹ́ òrùlé, débi pé ẹni tó jókòó sáàárín gbọ̀ngàn lè hàn bí ẹni tó wà ní títì. Ẹni tó sì mọ̀ ọ́n ṣe lè purọ́ ibi tó wà.

Ní ti ìtẹ̀ka, ojú-òpó kì í rí ìka ẹnikẹ́ni. Lábẹ́ WebAuthn, ìlànà ìwọlé sórí ojú-òpó tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún ayélujára, fọwọ́ sí ní ọdún 2019, fóònù fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ìka náà wé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rí nìkan ni ó sì ń fi ránṣẹ́. Bí a bá ti fi ìka ọ̀rẹ́ sínú fóònù kan náà, ẹ̀rí yẹn kò mọ ìyàtọ̀. Yunifásítì tí ó bá fẹ́ kó ìtẹ̀ka pamọ́ fúnra rẹ̀ yóò dojú kọ òfin ìdáàbòbò dátà, ìyẹn ìsọfúnni nípa ẹni, ti Nàìjíríà ti ọdún 2023, èyí tó ka irú rẹ̀ sí dátà tó gba ìṣọ́ra gidigidi.

Ohun tí sáfà mọ̀ kò ju pé fóònù kan rí kóòdù kan ní àkókò kan. Nítorí náà ó yẹ kí olùkọ́ ṣì máa ka orí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì lè fi ọwọ́ kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí bátìrì rẹ̀ kú tàbí tí kò ní fóònù ìgbàlódé, kí àkọsílẹ̀ náà sì fi hàn pé ọwọ́ ni a fi kọ ọ́, àti ẹni tó kọ ọ́.