Dídín ọjọ́ ọjà kù kì í dín àrùn kù

Nígbà tí àrùn kòrónà dé, tí ìjọba àpapọ̀ ní kí onílé gbélé ní Abuja láti alẹ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n dín ọjọ́ ọjà oúnjẹ kù sí Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní Kubwa, Nyanya, Karu àti Lugbe ti gbà pé bí ọjọ́ ọjà bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu ṣe ń kéré tó. Ó jọ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. Ọjà la tì pa, a kò ti ikùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ọjà àdúgbò kan ń gba oníbàárà 6,000 lọ́sẹ̀, kálukú sì ń lo wákàtí kan níbẹ̀. Bí ọjà bá ń ṣí fún ọjọ́ mẹ́fà, wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, wákàtí 60 nìyẹn. Èèyàn 100 ni yóò máa wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ká wá dín in kù sí ọjọ́ méjì, wákàtí méje-méje. Wákàtí 14 péré ló kù, àwọn 6,000 yẹn sì ṣì máa jẹun, nítorí náà wọ́n di bí 430 lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá fẹ́ jìnnà sí ẹnì kejì, ó nílò ààyè tó gùn ní mítà méjì, tó fẹ̀ ní mítà méjì. Èèyàn 100 nílò mítà onígun mẹ́rin 400; èèyàn 430 nílò 1,720. Ojú ọ̀nà ọjà àdúgbò mélòó ló tó bẹ́ẹ̀? Ìpíndọ́gba sì nìyí o: ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹrù ṣì tutù, ìwọ́jọ máa ń ju èyí lọ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tòmátò tún wà níbẹ̀. Láti Àbámẹ́ta sí Ọjọ́rú, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọjà fi máa wà ní títì. Tòmátò tó ti Kano tàbí Kaduna wá nínú agbọ̀n tí wọ́n hun ti fọ́ nísàlẹ̀ kó tó dé, nítorí ti òkè ló ń tẹ ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò lè dúró fún ọjọ́ mẹ́ta nínú ooru. Yóò jẹrà, eṣinṣin àti eku á dé, èyí tó kù á sì gbówó lórí. (Kéréètì oníke sàn ju agbọ̀n lọ, torí pé tí wọ́n bá tò ó léra, ara kéréètì ló ń gbé ẹrù, kì í ṣe tòmátò.) Èlùbọ́, gaàrí àti ẹ̀wà ò ní ìṣòro yìí, ẹni tó lówó lọ́wọ́ lè ra ti oṣù kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rí owó òòjọ́, tí kò ní fíríìjì tàbí tó ní in tí kò sí iná, gbọ́dọ̀ jáde lọ ra ata lójoojúmọ́.

Ohun tó ń dín ewu kù ni kí a tú èrò ká: sí ọjọ́ púpọ̀, sí ibi púpọ̀. Ní Kaduna ní ọdún 2020, wọ́n lo ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjà àdúgbò. Ọgbọ́n gidi ni, nítorí pápá wà níbẹ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ó sì sún mọ́ ilé. Àmọ́ ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá wọlé padà ni ọjà náà parí. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a ya ilẹ̀ ọjà kékeré sọ́tọ̀ láti ìgbà tí a ti ń pín àdúgbò, ní ibi tí ẹsẹ̀ lè gbéni dé láàárín ìṣẹ́jú 15. Kí ọkọ̀ ńlá máa já ẹrù ní Dei-Dei tàbí Zuba, létí Abuja, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ọkọ̀ kékeré wá máa pín in kiri. Kò yẹ kí oníbàárà, awakọ̀ àti alábàárù máa gbún ara wọn lójú ọ̀nà kan ṣoṣo.

Nípa kíkọ́ ọjà, àwọn kan rò pé ilé ọjà alájà tí wọ́n mọ ògiri yí ká ló mọ́ jù. Àrùn tó ń gba inú èémí wọlé fẹ́ràn ibi tí atẹ́gùn ò ti ráàyè jáde. Òrùlé lórí òpó, tó ga ní mítà mẹ́ta létí, tí ògiri rẹ̀ kò ju mítà kan lọ, ló dára jù. Kí ojú ọ̀nà láàárín ìsọ̀ fẹ̀ ní mítà mẹ́ta. Ẹni tó bá fi sí mítà méjì ò tíì mọ ìwà ọjà: ọlọ́jà tọ̀tún-tòsì yóò ti ẹrù wọn síwájú ní ìdajì mítà, mítà kan ló máa kù. Kí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé jẹ́ méjì, ti àbájáde náà méjì. Nígbà àrùn, àwọn ẹ̀ṣọ́ a máa ti géètì yòókù pa, wọ́n á fi ẹyọ kan sílẹ̀, ìwọ́jọ inú ọjà á wá ṣí sẹ́nu géètì.

Bí ìsọ̀ bá fún jù, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà 1, 3, 5 tà lónìí, kí 2, 4, 6 tà lọ́la, ṣùgbọ́n kí ọjà ṣí lọ́jọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹni tó bá jókòó sílé láìsí ètò á lọ pàtẹ sétí títì. Nítorí náà, kí ìyálọ́jà ti fi àwọn aládùúgbò ìsọ̀ ṣe méjì-méjì ṣáájú, kí ẹnì kan máa bá ẹnì kejì tajà.

Omi ni kókó jù. Lọ́dún 2021 nìkan, àwọn tí wọ́n kà sí òkú onígbáméjì ní Nàìjíríà lé ní 3,500, ìhà àríwá ló sì pọ̀ sí. Gbogbo òkú kòrónà tí àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ọjà tí a bá múra fún kòrónà nìkan kò tíì múra. Èèyàn 1,000 lójúmọ́, ìdajì lítà fún ọwọ́ fífọ̀ kọ̀ọ̀kan, lítà 500 ni. Táǹkì onílítà 1,000 á gbé ọjọ́ méjì bí mẹ́ruwà (ẹni tó ń ta omi kiri) bá pẹ́. Ti ẹja àti ẹran yàtọ̀ sí ìyẹn. Kí kànga ẹ̀rọ jìnnà sí ṣalángá tó mítà 30, ó kéré tán. Ọṣẹ ló kọ́kọ́ máa ń tán, nígbà tí kò bá sí ẹni tí wọ́n yan iṣẹ́ náà fún; kí wọ́n máa yọ owó rẹ̀ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì òòjọ́.

Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ pẹpẹ, nítorí ìdọ̀tí máa ń pa agbára Hypo tàbí Jik. Bí wọ́n bá kọ 3.5% sára ike rẹ̀, ife kan sínú ife omi 34 ló tọ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fi omi ṣàn án kí oúnjẹ tó kàn án. Àràárọ̀ ni kí ẹ máa po tuntun, torí oòrùn ń ba á jẹ́. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ń pani. Ẹ má sì fọ́n ọn sára àwọn tó ń wọlé lẹ́nu géètì: ó ń ta ojú, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kò sì lè kan àrùn tó ti wà nínú ọ̀fun.