Ṣé páálí àwòrán ló ń sọ ọmọ di ọ̀lẹ?

Kò sí ìgbà tí wọn yóò fún ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ní páálí àwòrán níléèwé, kó lè máa tọ́ka sí ohun tó fẹ́ sọ, tí ẹnì kan kò ní yọjú, kó ní: "Ẹ má kọ́ ọ ní ìyẹn o, ẹnu rẹ̀ ò ní là mọ́." Ẹ̀rù á ba ìyá ọmọ, páálí á wọ inú báàgì, ó di gbére.

Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Lọ́dún 2006, àwọn olùṣèwádìí kó ìwádìí tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ, wọ́n sì yẹ ẹni 27 tí ẹ̀rí tiwọn fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ wò. Kò sí ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dín kù. Nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń sọ̀rọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni.

Àmọ́ àwọn tó ń sọ ọ́ ní ẹ̀rí tiwọn: "A fún un, kò lò ó." Òótọ́ ni, kò lò ó. Ta ló lò ó níṣojú rẹ̀? Ọmọ tó ń fẹnu sọ̀rọ̀ máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà fún bí ọdún kan kó tó pe "màmá". Ti ọmọ yìí, wọ́n gbé páálí fún un lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì wọ́n ti ń dán an wò: "Ọsàn dà? Bàtà dà?" Ìdánwò nìyẹn. Ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n bá a sọ?

Nígbà oúnjẹ, àǹtí tó ń fún un ní ìrẹsì ló yẹ kó kọ́kọ́ fi ìka kan àwòrán "sí i" bó ṣe ń bi í bóyá kí òun bù sí i; kó tún kan "ó tó". Kó wá dákẹ́, kó ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́wàá nínú ọkàn rẹ̀. Dídákẹ́ yìí ló nira jù. Ká tó ka ẹẹ́ta, àgbà ti dáhùn fún ọmọ. Bí ọmọ bá wo ọ̀kan lásán, ìdáhùn nìyẹn. Kó má fa ọwọ́ rẹ̀, kó má sì fi ẹran pamọ́ títí yóò fi tọ́ka. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà ìwẹ̀ àti nígbà eré, lójoojúmọ́, láìretí pé ọmọ yóò dá a padà lónìí.

Agbára ẹnì kan kò gbé e. Olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ lè wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bí ẹ bá tilẹ̀ rí i. Ìyá, olùkọ́, àǹtí, ìyá àgbà, àwọn ló wà pẹ̀lú ọmọ, àwọn náà ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ bí wọn ò bá fẹnu kò. Nílé, bí ó bá gbójú sókè, "bẹ́ẹ̀ ni" ló ń wí; níléèwé, wọ́n rò pé fáànù ló ń wò. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé, ẹ so ó mọ́ àga onítáyà rẹ̀. Ẹ má máa pààrọ̀ ààyè àwòrán, nítorí ọwọ́ máa ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá fẹ́ dé àwòrán 40, ẹ fa àpótí 40 sórí páálí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi àwòrán sí 12, kí ìyókù ṣófo. Kì í sì í ṣe oúnjẹ àti ẹranko nìkan: níbo ni "ó ń dùn mí" wà? Níbo ni "mi ò fẹ́" wà? (Àgbà kì í sábà rántí ìyẹn, a mọ ìdí.)

Ṣé gbogbo ọmọ ni yóò wá fẹnu sọ̀rọ̀? Rárá. Ẹni 27 kò sì pọ̀. Ó lè jẹ́ pé ọmọ kan wà níbì kan tí páálí ṣe ní jàǹbá, ṣùgbọ́n kí n tó gbà, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi iye ìgbà tí àgbà fọwọ́ kan páálí náà lójúmọ́.

Ẹni tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni ẹni tó ń di ọwọ́ ọmọ mú sórí lẹ́tà, tó ní ọmọ ló ń kọ̀wé. Wọ́n ti dán an wò léraléra: ẹni tó di ọwọ́ mú ló ń kọ ọ́, nígbà míì láìmọ̀. Lọ́dún 2018, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má lò ó. Ẹ ní kí ẹni tó ń di ọwọ́ mú bọ́ síta, ẹ fi nǹkan kan han ọmọ, kí ẹni náà wá wọlé, kí "ọmọ" kọ orúkọ nǹkan náà. Bí ó bá kọ̀ láti bọ́ síta, ẹ gba owó yín padà.