Ta ló máa ti ẹnu kànga epo tí ọwọ́ dírílà ò bá tó o? Ìtàn bí BOP ṣe bẹ̀rẹ̀

Àwọn ará Ìlàjẹ tó ń gbé etíkun lápá Awoye, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí dáadáa. May 2020 ni kànga epo kan tó wà lójú òkun níwájú wọn, Ororo-1, gbiná, iná yẹn ò kú lọ́dún yẹn, kò kú lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọdún ń gorí ọdún ó ṣì ń jó, bẹ́ẹ̀ kànga tí wọ́n ti gbẹ́ láti àwọn ọdún 1980 tí wọ́n sì pa tì ni o, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ń tún un ṣí ni. Àjọ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ epo sọ pé ọ́ìlì tó ń fún irin tó yẹ kó dé ẹnu kànga ní agbára ló ń jò lára ríìgì, ìyẹn ẹ̀rọ gíga tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga, nígbà tí kànga wá ru, irin ò rí agbára tó máa fi pa ẹnu dé. Irin yẹn ni wọ́n ń pè ní BOP, ìyẹn blowout preventer, ohun tí kì í jẹ́ kí kànga ru jáde. Kò sẹ́ni tó ti ṣiṣẹ́ ríìgì rí, ì báà jẹ́ Warri ì báà jẹ́ Port Harcourt, tí ò mọ lẹ́tà mẹ́ta yẹn, àmọ́ ibi tó ti wá àti bó ṣe di ohun tó ń dá pàṣẹ fún ara ẹ̀, èèyàn púpọ̀ ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Beaumont ní Texas, 10 January 1901. Òkè kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Spindletop. Anthony Lucas àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti gbẹ́ ilẹ̀ kọjá 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n ń ki páìpù padà sínú ihò lọ́wọ́ ni ẹrẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́nu kànga, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ, ni páìpù bá ta jáde gba orí ríìgì lọ sókè, ariwo wá rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní káwọn padà wá palẹ̀ mọ́, gáàsì tún bú, epo tẹ̀lé e, ó sì ga ju 150 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni epo yẹn fi ń tú sókè kí wọ́n tó rí i dé, wọ́n sì fojú bù ú sí àgbá 100,000 lójúmọ́. Èèyàn ń ti ìlú mìíràn wá wò ó. Láyé ìgbà yẹn tí epo bá tú sókè báyẹn ìdùnnú ni, owó ti dé nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ tó dúró sí ìdí ríìgì nìkan ni ìdùnnú yẹn ò kàn, torí òun ni epo àti gáàsì ń rọ̀ lé lórí, iná kékeré báyìí sì ti tó láti sọ gbogbo ibẹ̀ di eérú.

Ohun tó ń fà á ò ṣòro. Gáàsì àti epo tó wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ tó wúwo ló tẹ̀ wọ́n mọ́bẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá lu ihò kàn wọ́n, ọ̀nà ti là nìyẹn. Ohun tó ń dá wọn dúró ni mọ́ọ̀dù, ẹrẹ̀ tí wọ́n pò kó wúwo, tí pọ́ǹpù ń rọ gba inú páìpù lọ sísàlẹ̀, tó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ páìpù padà wá sókè. Tí mọ́ọ̀dù bá fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tó bá ń sá wọnú àpáta, gáàsì á yọ́ wọlé, àwọn ọmọ ríìgì ń pe ìyẹn ní kíìkì, bó ṣe ń gòkè ni á máa wú torí ohun tó tẹ̀ ẹ́ ń dínkù, bó bá fi máa sún mọ́ òkè kò sí ọwọ́ tó lè dá a dúró mọ́. Àárín ìgbà tí kíìkì wọlé sí ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bàjẹ́ lè má ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Inú ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni gbogbo ìtàn yìí wà: ta ló rí i, ta lọ́wọ́ ẹ̀ tó ibi tí wọ́n ti ń tì í, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ tí onítọ̀hún bá ti sá tàbí tó ti kú.

Ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa ni James Abercrombie, ọ̀gá ríìgì ni, ó ti fojú ara ẹ̀ rí ohun tí kànga tó ru ń ṣe. Lọ́dún 1922 ló lọ bá Harry Cameron, tó ní ṣọ́ọ̀bù tọ́nà ní Humble, Texas, àwọn méjèèjì ti jọ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní 1920. Kò mú bébà lọ́wọ́. Wọ́n ní ìyẹ̀fun pákó tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ya àwòrán ohun tó ní lọ́kàn sí, irin méjì tó kọjú síra wọn, páìpù wà láàárín, téèyàn bá yí i wọ́n á sún pàdé ara wọn, wọ́n á sì fún páìpù pinpin kí nǹkan kan má rí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gbà jáde. Ram ni orúkọ tí òyìnbó fún irin méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń pe àgbò, ẹni tó bá ti rí àgbò méjì tó ń kàn níta rí ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. January 1926 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn ní ìwé àṣẹ lórí ẹ̀. Ó lè gba prẹ́ṣọ̀ tó tó 3,000 psi, ẹ ro ó wò, táyà mọ́tò kékeré tí fọkanáísà ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kì í ju bíi 30 lọ, ìlọ́po ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Lọ́dún 2003, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Amẹ́ríkà, ASME, sọ ọ́ di ohun ìrántí nínú ìtàn iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì tọ́ sí i.

Àmọ́ ìṣòro kan ṣẹ́ kù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí àwọn ti àkọ́kọ́ yẹn, ìyẹn ni pé èèyàn ló gbọ́dọ̀ dúró síbi tí gbogbo èèyàn ń sá kúrò kó máa yí irin. Nígbà tó yá wọ́n fi ọ́ìlì tó ní prẹ́ṣọ̀ ṣe é, dírílà, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ihò, á kàn fa ọ̀pá kan níbi tó jìnnà díẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni àwọn ìgò irin tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ríìgì, wọ́n rọ gáàsì nitrogen sí apá kan, ọ́ìlì wà lápá kejì, gáàsì ti fún ọ́ìlì sẹ́yìn ó ń dúró dè é, tí jẹnẹrétọ̀ bá kú, tí pọ́ǹpù kú, ìgò yẹn ṣì ní agbára tó máa fi ti àgbò méjèèjì pa. Granville Sloan Knox tún mú irú mìíràn wá, 1952 ló gba ìwé àṣẹ tiẹ̀, rọ́bà ńlá tó rí bí òṣùká, ọ́ìlì á tì í látìsàlẹ̀ á wá fún mọ́ ohunkóhun tó bá bá láàárín, páìpù tóbi o, páìpù kéré o. Títí dòní méjèèjì ni wọ́n ń tò lérí ara wọn.

Ẹ̀ṣọ́ kékeré kan tún wà tí kì í sábà gba ìyìn. Wáyà irin tó nípọn ló ń gbé páìpù sókè, ó ń ká mọ́ dúrọ́ọ̀mù bí òwú ṣe ń ká mọ́ kẹ̀kẹ́, tí dírílà bá gbàgbé tàbí tí oorun gbé e lọ, bulọ́ọ̀kì, irin tó wúwo tí páìpù rọ̀ mọ́, á kọlu orí ríìgì, wáyà á já, ohun gbogbo á wó lé àwọn tó wà nísàlẹ̀ lórí. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gbé fálífù kékeré kan tó ní ọ̀pá bí ìka ọwọ́ sókè dúrọ́ọ̀mù yẹn. Tí wáyà bá ká ju bó ṣe yẹ lọ, ó máa ga débi tó máa fara kan ọ̀pá yẹn, ọ̀pá á yẹ̀, afẹ́fẹ́ á rọ́ wọ bíréèkì, dúrọ́ọ̀mù á dúró. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú ẹ̀ rárá, wáyà fúnra ẹ̀ ló ń sọ pé ó tó.

Nígbà tí iṣẹ́ wá wọ òkun jíjìn, BOP kúrò lójú. Wọ́n gbé e lọ sílẹ̀ òkun, ọkọ̀ ríìgì wà lókè, páìpù gígùn kan ló so wọ́n pọ̀. Tí ọkọ̀ bá gbiná, ta ló fẹ́ wẹ̀ lọ sísàlẹ̀? Ibẹ̀ ni wọ́n ti yá ọgbọ́n àwọn tó ń wa reluwé: ọwọ́ tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa dì mú ní gbogbo ìgbà, tó bá kú tàbí tó dákú ọwọ́ á yọ, reluwé á dúró fúnra ẹ̀, dẹ́ẹ̀dìmáànù ni wọ́n ń pè é. Ti BOP náà ń jẹ́ orúkọ kan náà. Kọ̀ǹpútà tó wà nínú àpótí méjì, ọ̀kan yẹ́lò, ọ̀kan búlúù, ń tẹ́tí sí ọkọ̀ tó wà lókè. Tí iná mànàmáná bá já, tí wáyà ìbánisọ̀rọ̀ já, tí prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì náà sì já, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, á gbà pé àwọn tó wà lókè ti wà nínú wàhálà, á sì ti kànga fúnra ẹ̀ láìdúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Àgbò tó máa lò ní ẹnu mímú, ó ń gé páìpù sí méjì kó tó dé e.

Gígé yẹn gan-an ti já wọn kulẹ̀ rí. June 1979, kànga Ixtoc nínú òkun Mẹ́síkò ru, wọ́n pa BOP dé, àmọ́ páìpù tó nípọn jù ló wà láàárín ẹ̀ lásìkò yẹn, ẹnu irin ò lè gé e, epo sì ń tú títí di March 1980.

Lórí ríìgì lókè, kọ̀ǹpútà ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn díẹ̀díẹ̀. Dírílà tó máa ń di bíréèkì mú nínú òjò àti ẹrẹ̀ wá jókòó sórí àga nínú yàrá tó ní ẹ́síì, ọ̀pá kékeré lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tẹlifíṣọ̀n níwájú, ẹ̀rọ ló ń so páìpù mọ́ra wọn. Ẹ̀ṣọ́ tuntun gbọ́dọ̀ bá ìyẹn wá. Ohun tó ń gbá páìpù mú látòkè àtohun tó ń gbá a mú nísàlẹ̀, kọ̀ǹpútà ò ní gbà kí ọ̀kan ṣí àfi tí ìkejì bá ti dì í mú, kí páìpù má baà já bọ́ sínú kànga. Ẹ̀rọ méjì ò sì gbọ́dọ̀ wọ àyè kan náà, tí ọ̀kan bá wà níbẹ̀ ìkejì á dúró, bó ti wù kí dírílà fa ọ̀pá tó. Mo mọ̀ pé ìka ọ̀pọ̀ èèyàn ti bọ́ sáàárín páìpù látayébáyé, inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí gidi gan-an.

Ṣùgbọ́n 20 April 2010 dé. Ọkọ̀ ríìgì Deepwater Horizon, lórí kànga Macondo nínú òkun Mẹ́síkò, omi tó jìn tó bíi 1,500 mítà, èèyàn 126 nínú ọkọ̀, 11 ò padà wálé mọ́. Nígbà ìwádìí, ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀rọ ẹlẹ́tíróníìkì nínú ọkọ̀ yẹn jẹ́rìí pé kọ̀ǹpútà àga dírílà ti máa ń dákú tẹ́lẹ̀, ojú ẹ̀ á kàn di búlúù kò sì ní fèsì mọ́. Ó tún ní áláàmù gbogbogbòò, wọ́n ti sé e kó má dún fúnra ẹ̀, torí wọn ò fẹ́ kó máa jí èèyàn láago mẹ́ta òru lásán. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí gáàsì bú gbàù, wọ́n tẹ bọ́tìnnì tó yẹ kó já ọkọ̀ kúrò lára kànga, iná ojú ẹ̀ tàn bíi pé ó ti gbọ́, àmọ́ kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀.

Ó wá ku dẹ́ẹ̀dìmáànù. Ohun tí CSB, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá, sọ ní 2014 nípa ẹ̀ ni mo ń tún kà lójoojúmọ́. Nínú àpótí búlúù, wọ́n ti so wáyà kan gbòdì, ìyẹn ti fa bàtìrì tán, kò lè ṣe nǹkan kan. Nínú àpótí yẹ́lò, wọ́n so wáyà mìíràn gbòdì, okùn iná méjì tó yẹ kó jọ fa fálífù wá ń fa ara wọn sẹ́yìn, fálífù ò yẹ kó ṣí rárá, àmọ́ bàtìrì ọ̀kan nínú wọn ti kú, ni èyí tó kù bá rí àyè fà á. Àṣìṣe méjì ló pa ara wọn rẹ́ tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́. Àgbò olójú mímú náà wá sún jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n prẹ́ṣọ̀ ti tẹ páìpù wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sí láàárín gbùngbùn ibi tí ẹnu irin ti lè gé e, dípò kó gé e ó lu ihò sí i lára. Ọjọ́ 87 ni epo fi ń tú.

Irin tó wúwo tó ilé ni o. Ohun tó fi máa ṣiṣẹ́ wà lọ́wọ́ bàtìrì tó ṣeé gbé lọ́wọ́ kan àti wáyà tí ẹnì kan so gbòdì ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ torí àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe ò kan ibẹ̀. Ti Awoye náà, ọ́ìlì tó ń jò ni.

Látìgbà yẹn ni òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn nǹkan kéékèèké yìí. Amẹ́ríkà tú àjọ àtijọ́ ká, BSEE, àjọ tuntun tó ń rí sí ààbò iṣẹ́ epo lójú òkun, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní October 2011, nígbà tó di April 2016 wọ́n gbé òfin jáde pé ẹ̀rọ tó ń gé páìpù gbọ́dọ̀ lè kọ́kọ́ tì í bọ́ sí àárín, wọ́n sì ní kí àwọn kan máa wo ohun tó ń lọ ní kànga látorí ilẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òfin wọn tún béèrè pé kí wọ́n máa fi prẹ́ṣọ̀ dán BOP wò látìgbàdégbà. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti ṣe iṣẹ́ ríìgì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún mi. Wọ́n á ti àgbò pa, wọ́n á fi pọ́ǹpù rọ omi wọlé, bébà roboto kan ń yí lórí ẹ̀rọ, bírò ń fa ìlà sí i lára. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fi ń wò ó, gbogbo wọn á dúró, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Tí ìlà bá lọ geere, kò síbi tó ń jò nìyẹn. Tó bá rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ báyìí, bó ti wù kó kéré mọ, ibì kan ń jò nìyẹn, ọ̀gá á ní kí wọ́n tú u, wọ́n á sì máa wá a títí ilẹ̀ á fi mọ́.